Ilé Tí Yóò Máa Bọ́ Wa Nígbà Tí Ẹsẹ̀ Kò Bá Gbé Wa Dé Ọjà Mọ́

Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ àjọ sọ níwájú ìpàdé gbogbo ẹgbẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fà mọ́ iwájú díẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ owó kì í ṣe ohun tí a ń kígbe rẹ̀.

Ohun tó mú wa mú ọ̀rọ̀ yìí wá ni pé, nígbà kan, a lọ kí ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa tí orúnkún ti dá jókòó sílé. Ogójì ọdún ni wọ́n fi ta gàrí. A ti di ọ̀rá àti búrẹ́dì dání, a rò pé a ó bá ebi nílé. Ìyá kí wa káàbọ̀, wọ́n ní kí ọmọ gbé ọbẹ̀ kaná, ẹja ńlá sì wà nínú ọbẹ̀ náà. Ojú ti àwa tí a gbé búrẹ́dì. Nígbà tí a fi ọgbọ́n bèèrè ẹni tó ń tọ́jú wọn, wọ́n nawọ́ sí ẹ̀yìnkùlé níbi tí yàrá mẹ́ta wà lẹ́sẹẹsẹ, tí aṣọ àwọn ayálégbé wà lórí okùn. Wọ́n ní, “Àwọn yẹn lọmọ mi tí kì í gbàgbé.” Wọ́n ní àwọn ọmọ tí àwọn bí náà ń gbìyànjú, àmọ́ àwọn náà ní ọmọ lẹ́yìn.

Ní ọjọ́ kan náà, a kọjá sílé ìyá mìíràn. A ò ní sọ púpọ̀ nípa ti ibẹ̀. Wọ́n tà ju ti àkọ́kọ́ lọ nígbà ayé ọjà wọn, gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀. Aṣọ wà nínú àpótí, àwo wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, kò sí ohun tí wọ́n lè tà lójúmọ́. Ibẹ̀ ni a ti gbà pé a gbọ́dọ̀ sọ ọ̀rọ̀ yìí.

Olùkọ́ ní owó ìfẹ̀yìntì, bó tilẹ̀ pẹ́ kí ó tó jáde. Nọ́ọ̀sì ní. Àwa ńkọ́? Lóòótọ́, ní oṣù kẹta ọdún 2019, ìjọba àpapọ̀ ṣí ètò owó ìfẹ̀yìntì fún oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́ tí kò sí lábẹ́ ọ̀gá kankan. Ó dára, ẹni tó bá fẹ́ kí ó wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n owó tí a fi pamọ́ ní náírà ní àìsàn tirẹ̀, gbogbo wa la sì rí i. Ní oṣù kejìlá ọdún 2024, àwọn tó ń ka iye ọjà fún ìjọba sọ pé ọjà ti gbówó lórí ní ìdá 34.80 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín ọdún kan. Ìyẹn ni pé ohun tí a ń rà ní ₦1,000 ní ọdún tó ṣáájú ti ń lọ sí bíi ₦1,350. Ẹni tó di owó rẹ̀ mọ́ra sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní gbogbo ọdún náà, kò sí olè tó wọlé, síbẹ̀ wọ́n jí i.

Ẹ wo sìmẹ́ǹtì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, àpò kan kò tíì tó ₦6,000. Nígbà tó fi di oṣù kejì ọdún 2024, ó ti fo kọjá ₦10,000 láwọn ibì kan, tó fi jẹ́ pé ìjọba àpapọ̀ pe àwọn tó ń ṣe é jókòó, tí wọ́n sì jọ fẹnu kò sí ₦7,000 sí ₦8,000. Ẹni tó ti mọ ilé rẹ̀ dé orí páànù kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ilé rẹ̀ ti gbówó lórí láìjẹ́ pé ó gbé òòlù kan mọ́ ọn. Èrè méjì ló wà lára ilé nìyẹn: owó tí ayálégbé ń san lọ́dọọdún, àti iye tí ilé fúnra rẹ̀ ń gùn sí i. Àmọ́ kí a má ṣe tan ara wa o. Bí iye ilé bá di ìlọ́po méjì, tí iye ìrẹsì àti epo náà di ìlọ́po méjì, ibi tí o wà náà lo ṣì wà. O kàn ní oríire pé o kò jábọ́ ni. Àwọn tó ń ta ilẹ̀ kì í sọ apá yẹn fún èèyàn.

Ní báyìí, kí ẹnikẹ́ni má bínú sí wa lórí èyí tí a fẹ́ sọ. Àwa Ìjẹ̀bú fẹ́ràn ilé. Bí èèyàn bá ṣe dáadáa ní Èkó tí kò kọ́lé sílé, ẹnu á kùn ún. Ṣùgbọ́n ẹ rìn yí ká, láti ibí dé Ìjẹ̀bú-Òde, kí ẹ ka iye ilé alájà tó wà ní títì, tó jẹ́ pé ìgbà Ojúde Ọba tàbí Kérésìmesì ni wọ́n ń ṣí fèrèsé rẹ̀. Ọmọ-ọ̀dọ̀ kan ń gbálẹ̀ rẹ̀, aláǹgbá ń gun ògiri. Ilé iyì nìyẹn, a ò bú ẹni tó kọ́ ọ. Àmọ́ ilé iyì ń jẹ owó ni: ọ̀dà, ẹni tó ń ṣọ́ ọ, páànù tí afẹ́fẹ́ gbé. Ilé tí à ń sọ níhìn-ín kò nílò ọwọ̀n onírárà níwájú. Ohun tí ayálégbé ń bèèrè ni omi, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó dá dúró, iná, àti ọ̀nà tí ọ̀kadà lè gbà dé ẹnu ọ̀nà nígbà òjò.

Ta ni yóò gbé inú rẹ̀? Ìbéèrè yìí ló yẹ kí ó ṣáájú ìpìlẹ̀, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ kì í bèèrè. Níhìn-ín ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, àwọn olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìlera tí wọ́n gbé wá láti ibòmíràn ń wá yàrá, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ń wá ṣọ́ọ̀bù. Owó ilé wa kò tó ti Èkó, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ wa kò wọ́n tó ti Èkó. Ní ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde sí Ẹ̀pẹ́, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2022 ni Ààrẹ Buhari wá ṣí ọ̀nà náà lẹ́yìn tí ìjọba ìpínlẹ̀ tún un ṣe. Ní oṣù kẹrin ọdún 2023, ọkọ̀ òkun bẹ̀rẹ̀ sí í jákẹ́rù ní èbúté Lẹ́kí, nígbà tó sì di ọdún 2024 iléeṣẹ́ epo Dangote bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lápá ibẹ̀. Ilẹ̀ ẹ̀bá ọ̀nà náà kò sí lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ata lórí àtẹ mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá wá sọ fún yín pé òun ní ilẹ̀ olówó pọ́ọ́kú níbẹ̀, ẹ rọra.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ti àwọn ọmọ iléèwé, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń sáré sí. Nígbà tí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Tai Solarin ní Ìjagun di yunifásítì ní ọdún 2005, gbogbo ẹni tó ní ilẹ̀ nítòsí ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ yàrá. Ó pawó gan-an. Ọmọ iléèwé ń san owó ọdún kan lẹ́ẹ̀kan, wọn kì í sì í bèèrè ohun púpọ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2012, ìjọba ìpínlẹ̀ kéde pé òun yóò da iléèwé náà pọ̀ mọ́ Yunifásítì Olabisi Onabanjo ní Àgó-Ìwòyè. Àwọn onílé ò sùn. Nígbà tó yá, ìjọba yí ọ̀rọ̀ náà padà, iléèwé dúró, ní ọdún 2025 ìjọba àpapọ̀ sì gbà á sọ́wọ́ ara rẹ̀. Ẹ tún wo ti Kòrónà: oṣù kẹta ọdún 2020 ni wọ́n ti gbogbo iléèwé pa, àwọn ọmọ di ẹrù wọn lọ sílé, yàrá wà níbẹ̀ lófìfo. Ẹni tó ní yàrá mẹ́wàá ní Ìjagun, tí kò ní nǹkan mìíràn, gbààwẹ̀ ní ọdún náà. A ò sọ pé kí ẹ má kọ́lé fún ọmọ iléèwé o. A ní kí ẹ má ṣe gbé gbogbo ẹyin lé orí iléèwé kan ṣoṣo, nítorí ẹni tó wà ní Abẹ́òkúta tàbí Àbújá ló ń pinnu ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ bí a ṣe ń ṣírò àpò gàrí. Ká ní ìyá kan ná ₦9,000,000 lórí ilẹ̀ àti yàrá mẹ́rin, kálukú pẹ̀lú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tirẹ̀. Ká ní yàrá kọ̀ọ̀kan ń gba ₦200,000 lọ́dún. Ìyẹn ₦800,000. Inú ìyá dùn, ó ti fi ₦800,000 ra aṣọ ẹgbẹ́ lọ́kàn rẹ̀. Dúró ná, ìyá. Yàrá kan yóò ṣófo fún oṣù mẹ́ta kí ẹlòmíràn tó wọlé: yọ ₦50,000. Ẹ̀rọ omi yóò bàjẹ́, páànù yóò jò, sókáwéè yóò kún: yọ ₦100,000. Owó ìjọba àti ti àdúgbò: yọ ₦30,000. Ó ku ₦620,000. Bí a bá pín in, èrè náà kò pé ₦7 lórí ₦100 kọ̀ọ̀kan lọ́dún, ó sì gbọ́dọ̀ tó ọdún mẹ́rìnlá ààbọ̀ kí owó ilé tó dá owó tí ìyá fi kọ́lé padà, bí kò bá fi kún owó ilé.

A gbọ́ tí ẹ ń kùn. Ẹ ní gàrí ń pa ju bẹ́ẹ̀ lọ láàárín oṣù kan. Òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé owó òwò kì í ṣe owó bùlọ́ọ̀kù. Ẹni tó bá kó owó ọjà rẹ̀ sínú ilé, ebi á pa á kí ilé tó dúró, á sì tà á ní ẹ̀dínwó láì tíì fi páànù lé e. A ti rí i. Èrè ọjà ni ká fi kọ́lé, kì í ṣe ìyá owó. Gàrí ń pa owó nígbà tí ẹsẹ̀ ṣì ń rìn, tí ojú ṣì ń ríran. Yàrá mẹ́rin yẹn kò bìkítà bóyá o dìde lórí ẹní tàbí o kò dìde.

Èyí tó burú jù ni ká fi owó tí à ń yá, tí à ń san lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kọ́lé. Bí èlé rẹ̀ bá jẹ́ ₦3 lórí ₦100 lóṣù, ₦36 nìyẹn lọ́dún. Ilé ń mú bíi ₦7 wá, èlé ń kó ₦36 lọ. Ayálégbé ń san lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, àwọn tó yá ọ lówó ń kanlẹ̀kùn ní gbogbo ọjọ́ Ajé. Owó bẹ́ẹ̀ dára fún ọjà tó ń yí kíá. Kò dára fún ilé rárá.

Báwo ni a ó ṣe wá kọ́ ọ? Díẹ̀díẹ̀, bí àwọn ìyá wa ṣe ṣe é. Ẹni tó bá gba àjọ ra ilẹ̀. Èésú tó tẹ̀lé e, kó ra iyanrìn, kó sì bẹ bíríkìlà pé kó gé bùlọ́ọ̀kù. Ẹ má ṣe ra sìmẹ́ǹtì pamọ́ o. Oṣù mélòó kan nígbà òjò, ó ti di òkúta nínú àpò. Sọ ọ́ di bùlọ́ọ̀kù, òjò ò ní fi ṣe nǹkan kan. Ṣọ́ọ̀bù méjì lójú títì máa ń dín ìnáwó kù ju yàrá lọ, nítorí kò nílò ilé ìdáná, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan ṣoṣo lè tó gbogbo wọn. Lójú tiwa, ní ìlú bíi tiwa, ṣọ́ọ̀bù ni ká fi bẹ̀rẹ̀, kí owó rẹ̀ ran yàrá ẹ̀yìn lọ́wọ́. Kí ìpìlẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ mú pláànù lọ sí ọ́fíìsì ètò ìlú kí wọ́n fọwọ́ sí i. Ọ̀dà pupa tí wọ́n fi ń kọ X sára ògiri kò bọ̀wọ̀ fún irun funfun.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló kù, ibẹ̀ sì ni ẹkún pọ̀ sí. Ọ̀kan nínú àwa tí a dúró níwájú yín yìí ra ilẹ̀ ní ọdún 2009 lọ́wọ́ ọmọ ẹbí kan tó fi ojú jọ èèyàn gidi. Ó san owó pé, ó gba risíìtì, ó gbé bùlọ́ọ̀kù lọ síbẹ̀. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, àwọn àgbà ẹbí yọ, wọ́n ní àwọn ò mọ̀ sí i. Ó tún owó san fún wọn, kí ó má baà pàdánù bùlọ́ọ̀kù. Ẹni tó kọ́kọ́ tà á? Ó ti ná owó rẹ̀ tán. Òfin lórí èyí ti wà tipẹ́tipẹ́: ilẹ̀ ẹbí, olórí ẹbí àti àwọn àgbà tó dúró fún ojúlé kọ̀ọ̀kan ló gbọ́dọ̀ jọ tà á. Bí àwọn ọmọ ẹbí bá tà á láìsí olórí ẹbí, kò sí títà níbẹ̀ rárá. Bí olórí ẹbí bá dá a tà láìsí àwọn yòókù, wọ́n lè lọ sílé ẹjọ́ kí wọ́n gbà á padà. Nítorí náà, kí gbogbo wọn fọwọ́ sí i níwájú lọ́yà tìẹ, kì í ṣe lọ́yà tiwọn.

Lẹ́yìn ìyẹn, mú sọ́féyọ̀ tó ní ìwé àṣẹ lọ wo ilẹ̀ náà kí owó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ. Yóò bá ọ wò ó ní Òkè-Mosàn ní Abẹ́òkúta bóyá ìjọba ti gba ilẹ̀ náà fún iṣẹ́ kan. Láti ìgbà Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti ọdún 1978, ọwọ́ gómìnà ni gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wà fún àǹfààní ará ìlú. Risíìtì ẹbí nìkan kò parí ọ̀rọ̀, ìwé C of O tàbí ìfọwọ́sí gómìnà ló ń parí rẹ̀. Ní ti àwọn ọmọ onílẹ̀ tó ń fi ìjà gba ilẹ̀, ìpínlẹ̀ Ògùn ṣe òfin tó lágbára lórí wọn ní ọdún 2016. Ẹ má bẹ̀rù láti fi ẹjọ́ wọn sùn.

Èyí tó kàn yìí, ẹ jọ̀wọ́, kí ẹni tó ń sùn jí. Orúkọ ta ló wà lórí risíìtì? Ọ̀pọ̀ nínú wa ni owó ọjà wa ra ilẹ̀, tí a sì kọ orúkọ baálé sí i, nítorí iyì, tàbí nítorí pé òun ló lọ bá onílẹ̀ sọ̀rọ̀. Ní ọdún 1957, nínú ẹjọ́ Suberu àti Sunmonu, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Ìjọba Àpapọ̀ sọ ọ́ ní gbangba pé ní àṣà Yorùbá, ìyàwó kì í jogún ọkọ. Ti ẹni tó gbé ara rẹ̀ níyàwó ní kọ́ọ̀tù yàtọ̀, àmọ́ mélòó nínú wa ló lọ sí kọ́ọ̀tù? Ẹ tún gbọ́ ti Suberu Dawodu ní Èkó, tó kú láìṣe ìwé ìhágún, tó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Àwọn ọmọ bá ara wọn ṣẹjọ́ lórí bóyá ìdí-igi ni kí wọ́n fi pín dúkìá tàbí orí-ò-jorí. Ẹjọ́ náà rìn títí dé ìlú London, ìdí-igi ni wọ́n sì dúró lé ní ọdún 1962: ọ̀nà mẹ́rin, ìyá kọ̀ọ̀kan ọ̀nà kan.

Ẹ fi ọkàn bá a lọ. Bí ilé tí o fi gàrí kọ́ bá wà ní orúkọ baálé, tí baálé sì ní ìyàwó mẹ́rin, ní ọjọ́ tí ọlọ́jọ́ bá dé, ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n ó pín òógùn rẹ sí. Ìwọ fúnra rẹ kò sí nínú àwọn tó ń jogún. A ò ní kí ẹnikẹ́ni lọ bá ọkọ rẹ̀ jà. Ọ̀pọ̀ baálé gan-an ló máa ń sọ pé, “Kọ orúkọ ara rẹ sí i, kí ọkàn mi balẹ̀.” Ẹ bá wọn sọ ọ́ pẹ̀lẹ́tù, ní ìgbà tí oúnjẹ bá ti wọ inú. Tìẹ náà, lọ ṣe ìwé ìhágún lọ́dọ̀ lọ́yà, kí àwọn ọmọ rẹ má baà tú ká lórí yàrá mẹ́rin.

Ní ti ayálégbé, kúkúrú la ó sọ ọ́. Ẹ kọ ìwé àdéhùn, kódà bó jẹ́ ọmọ ìjọ yín, tàbí pàápàá bó bá jẹ́ ọmọ ìjọ yín. Ẹ fún un ní risíìtì. Bó bá jẹ́ pé ọdọọdún ló ń san, tí kò sí àdéhùn mìíràn, òfin tó wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ wa ni pé kí ẹ fún un ní oṣù mẹ́fà láti kúrò, lẹ́yìn náà ìwé ọlọ́jọ́ méje, kí ẹ tó lọ sí kọ́ọ̀tù. Ẹ má ṣí páànù lé e lórí, ẹ má da ẹrù rẹ̀ síta. Òun ni ìjọba máa gbè. Ní Èkó, láti ọdún 2011, òfin kò gbà kí onílé bèèrè ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun ní ọ̀pọ̀ àdúgbò. Owó ilé, ẹ máa fi díẹ̀ kún un lọ́dọọdún tàbí ọdún méjì méjì, kí ẹ sì sọ ọ́ ṣáájú. Ẹni tí kò fi kọ́bọ̀ kún un fún ọdún mẹ́jọ, tó wá fẹ́ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta lọ́jọ́ kan, ìjà ló ń wá. Bí ayálégbé bá sì dára, tó ń san lásìkò, tó ń tọ́jú ilé, ẹ má lé e nítorí ₦20,000. Oṣù mẹ́ta tí yàrá fi ṣófo ju ìyẹn lọ.

Ibi tí a bá a dé nìyí. Ìgbìmọ̀ ti bá sọ́féyọ̀ kan àti lọ́yà kan sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n wá jókòó tì wá ní ìpàdé tó ń bọ̀. Ẹni tó bá ní ìwé ilẹ̀ tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ sí, kí ó mú fọ́tòkọ́pì rẹ̀ wá, kí ó fi ojúlówó sílẹ̀ nílé. Ẹni tó bá fẹ́ ra ilẹ̀ láàárín ọjọ́ tó kù yìí, kí ó jọ̀wọ́ di owó rẹ̀ mú títí di ọjọ́ náà. Akọ̀wé yóò gba orúkọ yín lẹ́nu ọ̀nà bí ẹ bá ti ń jáde.